Àwẹ̀ró àti Àlejò Tí A Kì Í Kí Káàbọ̀

"Ẹ ti gbọ́?"

"Kí la fẹ́ gbọ́?"

"Ọ̀rọ̀ tí Ọdẹ́rìndé sọ kó tó wọgbó láàárọ̀ yìí. Ó ní kí Àwẹ̀ró má…"

"Kó má kín ni?"

"Ẹ jẹ́ n yára wo epo mi ná, ó ti ń ru."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ ọ nídìí ààrò gbé e dé ẹnu kànga: "Wọ́n ní ọdẹ ní kí ọmọ rẹ̀ má sun…" Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu kànga fà á pọ̀ mọ́ omi, ó rù ú dé ìdí ọlọ: "Má sun ilé òun mọ́, àbí kí lẹ rò pé…" Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa kúrò nídìí ọlọ, ó ti hu ẹsẹ̀, ó ti hu ìyẹ́.

"Ẹ ò rí i pé láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti ń rí nǹkan oṣù ni ìbọn bàbá rẹ̀…"

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

"Mi ò sọ nǹkan kan o."

"Ta ló ní ẹ sọ nǹkan kan?"

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká wọ̀nyí, ẹ sún mọ́ ibí díẹ̀ sí i. Èmi tí mo fẹ́ sọ ìtàn yìí kì í ṣe ọdẹ àná. Mo ti bá ẹfọ̀n wo ojú ara wa títí tó fi jẹ́ pé ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Mo ti rìn nínú igbó tí igi ibẹ̀ ń kí ara wọn káàárọ̀, mo sì bá wọn dáhùn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ọdẹ inú ìtàn yìí. Ọdẹ́rìndé ni, ó sì sàn jù mí lọ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o! Kí ẹnikẹ́ni má gbé e délé pé púpọ̀ ni mo sọ, nítorí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn, ẹ sì ti ń gbọ́ ọ bọ̀. Ìtàn náà kì í sì í ṣe ti ìbọn. Ọmọbìnrin kan tó dá nìkan wà ló ni ín.

Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọmọge nígbà náà ni. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, bàbá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ. Ohun tí ọdẹ mọ̀ ni ọdẹ fi ń tọ́mọ. Ọdẹ́rìndé kọ́ ọ bí a ṣe ń mọ ojú ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti ìgalà. Ó kọ́ ọ pé bí ohùn kan bá pe èèyàn lórúkọ nínú igbó, kí ó má jẹ́ ẹ. Èyí tí ọmọ náà fẹ́ràn jù ni bí ọdẹ ṣe ń ka ẹ̀jẹ̀ ẹran tó fara gbọta. Bàbá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á na ìka sí ewé: "Wò ó, Àwẹ̀ró. Èyí tó bá ń hó bí ọṣẹ, ẹ̀dọ̀fóró ló ti wá. Èyí tó bá dúdú tó sì dì, inú ló ti wá. Èyí tó bá ń kán ní ẹyọ ẹyọ, ẹran náà yóò yè é. Ṣùgbọ́n èyí tó bá tẹ́ lórí ewé bí aṣọ, má sáré tẹ̀ lé e. Kò ní í lè jìnnà, yóò dúró dè ọ́." Ọdẹ kì í kó ẹ̀jẹ̀ nírìíra. Kíkà ló ń kà á.

Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló wà tí ọdẹ kì í kà. Ní agbo ilé wọn, bí àlejò oṣù bá ti kan obìnrin, kò gbọdọ̀ kọjá níbi tí ìbọn wà, kò gbọdọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan aṣọ ọdẹ. Yóò ká ẹní rẹ̀, yóò lọ sí ilé ẹ̀yìn, ilé kékeré kan tí kò ní fèrèsé, lẹ́yìn ọgbà ewúrẹ́, títí yóò fi wẹ̀. Àwọn ọmọge yòókù a máa lọ, wọn a dirun fún ara wọn níbẹ̀, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì tètè jáde. Ti Àwẹ̀ró kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí tirẹ̀ bá dé, inú rẹ̀ a máa lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. A máa bu etí ẹní jẹ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. A máa fọ aṣọ, a máa sá a, èyí tó sá kò ní í tí ì gbẹ tí èyí tó wà lára rẹ̀ á ti kún. Àwọn yòókù á jáde sílẹ̀ fún un. Bí òun náà bá fi máa jáde, ojú rẹ̀ á ti funfun, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì bó bá gun òkè odò, ahọ́n rẹ̀ á máa fà sí amọ̀ ara ògiri bí ẹni pé iyọ̀ wà níbẹ̀. Ó ti dákú rí lẹ́nu kànga. Wọ́n da omi lé e lórí.

Bó bá sì la ẹnu, kí ó tó sọ ọ́ tán, wọ́n á ní: "Gbogbo obìnrin ló ń ṣe."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀rọ̀ tí wọn ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán ńkọ́? Ẹ má dá mi lóhùn, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Inú ilé ẹ̀yìn ni Àwẹ̀ró wà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ààrò sí kànga. Ògiri ibẹ̀ kò nípọn. Ó gbọ́ "má", ó gbọ́ "sun", ó gbọ́ "ilé", ó sì gbọ́ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu èèyàn. Bàbá tó ń fi ìka rẹ̀ kọ́ ọ ní ewé. Ó jókòó títí òjìji ọgbà fi yí. Kò sí ẹni tó wá bi í pé ó ti gbọ́ tàbí kò gbọ́.

Ó dìde, ó di aṣọ mọ́ra dáadáa, ó gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí ọ̀nà igbó. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́, ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé òun dé ni ilé òun. Bó bá jẹ́ pé kò sọ ọ́, òun á padà. Ó pàdé àwọn tó ń bọ̀ láti oko, wọ́n yà fún un. Wọn ò bi í níbi tó ń lọ.

Igbó Adánìkanrìn ni orúkọ igbó tí bàbá rẹ̀ wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹnu wọgbó níjòókòó, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Bí ẹni méjì bá di ọwọ́ ara wọn mú wọ ibẹ̀, kí wọ́n tó rìn jìnnà, oníkálukú á rí i pé ọwọ́ òun fúnra òun ni òun dì mú. Èmi wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe jáde, ìyàwó mi ní mo ti ń bá ara mi sọ̀rọ̀ jù. Mo ní irọ́ ni, èmi náà sì bá mi sọ pé irọ́ ni.

Iwin kan ló ń ṣọ́ ẹnu igbó náà. Abéèrè ni wọ́n ń pè é. Ọrùn rẹ̀ gùn bí ọ̀pá ìkọ́, etí rẹ̀ méjèèjì wà lábíyá. Bí kò bá gbé apá sókè, kì í gbọ́ràn, ó sì ti pẹ́ tó ti gbé apá sókè kẹ́yìn, nítorí aláǹtakùn ti ta okùn síbẹ̀.

"Dúró!" ni Abéèrè wí. "Àlọ́ ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yìí. Àlejò kan ń bẹ. Kì í kágò, kì í kanlẹ̀kùn. Bó bá wọlé, gbogbo ilé ló mọ̀ pé ó dé, kò sí ẹni tó ń kí i káàbọ̀. Bó bá ń lọ, kò sí ẹni tó ń sìn ín sọ́nà. Ta ni?"

Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n. Kí iwin náà tó sọ ọ́ tán ló ti mọ̀ ọ́n. Ojú ló tì í. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó rí òkúta róbótó róbótó tí wọ́n tò lọ bí ẹyin.

"Kí nìwọ̀nyí?" Ó na ìka sí wọn, Abéèrè sì rí ìka náà.

"Ìdáhùn ni," ni Abéèrè wí. "Àwọn ọmọbìnrin tó ti wá síbí ló gbé wọn mì. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn ò lè sọ ọ́. Wọ́n bì í síbẹ̀, wọ́n padà sílé."

Àwẹ̀ró tẹ́ ọwọ́ sí ikùn rẹ̀. Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àfi èyí nìkan. "Nǹkan oṣù mi ni," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ.

Apá iwin náà gbéra sókè. Okùn aláǹtakùn já. "Tún un sọ."

"Nǹkan oṣù mi ni. Ó ń wá, ó sì ń pa mí lára."

Abéèrè gbé apá kejì sókè. Ó dúró bẹ́ẹ̀, apá méjèèjì lókè, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ láṣọ, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń béèrè," ló wí, "n kò tí ì gbọ́ ìdáhùn yìí rí. Kọjá, ọmọ mi. N kò ní ẹ̀bùn tí mo lè fún ọ. Ẹni tó ti lè sọ ọ́ síta, ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀bùn rẹ̀ wà."

Àwẹ̀ró kọjá. Kí ó tó rìn jìnnà, ó wẹ̀yìn, ó rí i pé iwin náà ti sọ apá kalẹ̀. Kò tún gbọ́ nǹkan mọ́.

Ìlú kan ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Ilẹ̀kùn ilé ibẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ. Gbogbo obìnrin ìlú náà ló tẹ̀ bí ọrun, àtàgbà àtọmọdé, ọwọ́ wọn wà ní ikùn bí wọ́n ti ń rìn. Ọba wọn ń jẹ́ Múunmọ́ra. Òun nìkan ló nàró, nítorí pé ọkùnrin ni.

"Ẹ kúulé o," ni Àwẹ̀ró wí.

"Gbogbo wa ló ń ṣe," ni wọ́n dáhùn.

"Bàbá mi ni mò ń wá. Ọdẹ ni, ó ga, àpá wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún…"

"Gbogbo wa ló ń ṣe."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi mu."

"Gbogbo wa ló ń ṣe." Ṣùgbọ́n wọ́n fún un lómi o, wọ́n tẹ́ ẹní fún un, wọ́n fi aṣọ gbígbóná lé e níkùn. Kì í ṣe èèyàn burúkú ni wọ́n. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní nínú ìlú náà ni, òun náà ni wọ́n fi ń kíni, òun ni wọ́n fi ń dárò, òun ni wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Àwẹ̀ró jókòó láàárín wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò dá jókòó. Ó sún mọ́ ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi tẹ̀ báyìí. Ọmọ náà wò ó bí ẹni tó bi í pé kí ló dé tí omi fi tutù. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fẹ́ dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, kò nà. Ẹ̀rù bà á. Ó rí i pé òun náà ti tẹ̀ débi pé ilẹ̀kùn wọn á gbà á wọlé láìjẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀.

Arúgbó kan fà á láṣọ. "Ọmọ," ló sọ jẹ́ẹ́, "tèmi dùn mí. Láti kékeré ni. N kò tí ì sọ fún ẹnì kankan rí."

"Màmá! Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́."

"Ibí ni mo kọ́lé sí," ni arúgbó náà wí. Ó yí padà sí àwọn yòókù, ó gbé ohùn sókè: "Gbogbo wa ló ń ṣe!"

Àwẹ̀ró ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ nà, ẹ̀yìn rẹ̀ dún pàù bí igi gbígbẹ. Ó kígbe: "Ó ń dùn mí!"

Múunmọ́ra fi ọwọ́ di etí. Wọ́n bu eérú, wọ́n dà á tẹ̀ lé e, wọ́n lé e jáde. Bó sì ti ń gba àárín ìlú kọjá, ó ń gbọ́ ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan: tèmi náà, tèmi náà, tèmi náà. Ó dúró dè wọ́n títí. Ilẹ̀kùn kankan kò ṣí.

Ọ̀nà náà tún gùn. Aṣọ rẹ̀ ti kún, ó ti já ewé rọ́pò, ewé náà ti kún. Ó dé oríta kan, ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀ lórí àga, ẹwà rẹ̀ kọ yẹ̀rì bí owó ẹyọ tuntun, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn, eyín rẹ̀ funfun. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó kò ju pé òjìji rẹ̀ jókòó sọ́nà ibòmíràn, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Arẹwà," ni ọkùnrin náà wí, "mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Fẹ́ mi. Bí o bá ti bímọ, yóò lọ."

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Bímọ-yóò-lọ."

"Àwọn ìyàwó tí ẹ ti fẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé."

"Ṣé ara wọn ti yá?"

"Wọ́n ti bímọ."

"Mo ní ṣé ara wọn ti yá?"

"Mo ní wọ́n ti bímọ!"

Ìkérora kan jáde láti inú ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan: "Ọmọdé, bá wa bi í bóyá ó ti bi wá rí."

Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn, o ti gba ọmọ rẹ nímọ̀ràn báyìí rí, àbí o ò tí ì gbà á? Ó dákẹ́. Ẹ wò ó, ó dákẹ́! Èmi tí mo ń tọpa ehoro lórí àpáta ni mi ò ní í tọpa ẹ̀rín?

Àwẹ̀ró wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀. "Ọmọ ọdẹ ni mí," ló wí. "Bí ẹran bá fara gbọgbẹ́, ọdẹ kì í di ẹrù lé e lẹ́yìn, kí ó wá ní ọgbẹ́ ti san."

Bó ti gbọ́ èyí, ẹwà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Irun ìpéǹpéjú jábọ́, eyín jábọ́, ohun tó kù lórí àga kò ju òkìtì ewé gbígbẹ tí ikán ti mu lọ. Àwẹ̀ró sáré lọ sí ilé tó wà lẹ́yìn, kí ó lè ṣí i fún àwọn obìnrin náà. Ilé kò sí níbẹ̀ mọ́. Igi àti ewéko nìkan ló wà. Òun nìkan náà ló tún kù.

Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti tán. Ó rìn díẹ̀ sí i, ó di igi mú, ó tún di òmíràn mú. Ayé ń yí i lójú. Nídìí igi àràbà kan lẹ́bàá odò ni ó ti wó lulẹ̀, ó ká ara rẹ̀ jọ bí ọ̀kùn. Ẹtu kan wá mumi, ó wò ó, ó fẹ́ imú, ó lọ. Oòrùn ń ráńṣẹ́ láàárín ewé. Gbogbo ibi tó ti gbà bọ̀, ó ti fi ẹ̀jẹ̀ sámì sí i.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọdẹ ni, ẹsẹ̀ tó ń bi ilẹ̀ léèrè kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ náà ń dúró, ó ń tún rìn. Ó sì gbọ́ ohùn, ohùn jẹ́jẹ́ tí ọdẹ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹran ńlá ni. Ó tẹ́ lórí ewé bí aṣọ. Tibí yìí tún dì. Ah, ẹran yìí ti jìyà. Kò ní í lè jìnnà mọ́. Yóò dúró dè mí."

Ó mọ ohùn náà. Ó la ẹnu, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó fẹ́ mira, ewé ró wọ̀ọ̀, bí ewé ṣe máa ń ró bí ẹran bá wà nídìí rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó gbọ́ bí òòlù ìbọn ṣe fà sẹ́yìn. Àbí kí ó pè é ní bàbá? Ọdẹ kì í jẹ́ ìpè nínú igbó, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Iwin mọ orúkọ èèyàn, iwin mọ bí a ṣe ń pe bàbá ẹni. Kí wá ni ohun tí ọmọ èèyàn lè sọ, tí iwin kò ní í sọ?

"Ó ń dùn mí," ni Àwẹ̀ró wí.

Ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìlú àwọn tó tẹ̀ ni. Kò sí iwin tó ń purọ́ rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń fi ṣe ìtànjẹ. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún kì í sábà wá.

Ìbọn Ọdẹ́rìndé bọ́ sílẹ̀. Èyí tí mo sọ yìí kì í ṣe kékeré. Ìbọn ọdẹ kì í bọ́. Tèmi kò bọ́ rí, kódà lọ́jọ́ tí ẹfọ̀n wò mí. Ó ya igbó sí méjì, ó rí ọmọ rẹ̀ nídìí igi. Ó wo ọmọ, ó wo ojú ọ̀nà tó tọ̀ bọ̀, ewé pupa kan tẹ̀ lé òmíràn dé ibi tí ojú lè rí dé.

"Ẹ̀jẹ̀ yìí," ló wí. "Mo ti ń tẹ̀ lé e láti ọ̀sán. Mo ní ẹfọ̀n ni. Mo ní kò sí ẹran tó ta ẹ̀jẹ̀ tó báyìí tí yóò rí ọjọ́ kejì. Ọmọ mi ni?"

Ó bọ́ gbẹ̀rí ọdẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú àdó, pẹ̀lú ìgbàdí, aṣọ tí obìnrin kò gbọdọ̀ fẹ̀gbẹ́ kàn, ó fi wé ọmọ náà láti àyà dé ẹsẹ̀. Ó dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹyẹ kan ké, odò ń ṣàn lọ.

"Baba," ni Àwẹ̀ró wí nínú aṣọ náà, "wọ́n ní ẹ ní kí n má sun ilé yín mọ́. Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọdẹ́rìndé gbé e pọ̀n. Bí wọ́n ti ń rìn lọ ló dáhùn. "Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ níhìn-ín, lọ́jọ́ tí ara bá ni ọ́, wàá ní torí pé mo bá ọ nípò àánú ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó gbé e ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀."

Bí wọ́n ti jọ jáde kúrò ní Igbó Adánìkanrìn nìyẹn, ẹni kan lẹ́yìn ẹni kejì. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wò ó dáadáa nígbà tí wọ́n dé ẹnu igbó. Kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀.

Ọdẹ́rìndé kò yà sílé. Ó pọ̀n ọ́n kọjá agbo ilé, ó pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn tó wà lẹ́bàá títì. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ọmọ náà sílẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Ó jókòó tì í. Ó bi í nípa bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó, bí aṣọ ṣe máa ń kún sí, bóyá ó ń dì, bóyá ojú máa ń ṣú u. Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀, ó dúró kí obìnrin náà já a lẹ́nu. Kò já a lẹ́nu.

"Nǹkan oṣù ni gbogbo obìnrin ń ṣe," ni nọ́ọ̀sì wí fún bàbá rẹ̀. "Èyí kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ti lọ sílẹ̀ gan-an. N ó fún un ní oògùn tí ń fún ara lẹ́jẹ̀, àti èyí tí yóò máa lò kí ìrora tó rinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà nílé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n wo ohun tó ń fà á. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la tí kò dé."

Wọ́n padà sílé. Àwọn obìnrin ilé rí Àwẹ̀ró nínú gbẹ̀rí ọdẹ, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Ọdẹ́rìndé dúró láàárín agbo ilé.

"Ta ló wà nílẹ̀ láàárọ̀ tí mo ń jáde?"

Gbogbo ojú yí sí ìdí ààrò. Ìyá Àkàndé ló wà níbẹ̀, ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ó-kù-díẹ̀. Obìnrin náà kò lójú kòkòrò, kò sì níkà nínú. Kò tí ì parí ọ̀rọ̀ kan rí láyé rẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀ fún èmi alára nígbà kan, mo ti hewú báyìí, ìyàwó kò tí ì dé ilé ọkọ.

"Èmi ni, Baba Àwẹ̀ró," ló wí. "Ẹ ti gbé àpò kọ́rùn. Ẹ ní ọdẹ tó bá ti gbé àpò kọ́rùn kì í padà wọlé, kí n bá yín sọ ọ́ fún gbogbo ilé. Mo sì ń sọ ọ́, epo mi ló…"

"Epo ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

"Ẹ ní kí Àwẹ̀ró má…" Ó wo ìkòkò. Ó wo Àwẹ̀ró, ojú ọmọ náà tó funfun, ọwọ́ rẹ̀ tó di etí gbẹ̀rí mú. Ìkòkò ń hó lẹ́yìn rẹ̀, kò yíjú sí i. Omi lé lójú rẹ̀, ó gbé e mì, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ní: 'Kí Àwẹ̀ró má sun ilé ẹ̀yìn mọ́. Inú yàrá mi, lórí ẹní mi, ni kó máa sùn títí n ó fi dé. Bí inú bá ń run ún, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé gbogbo obìnrin ló ń ṣe. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe ń dùn ún. Kí ẹ sì dúró gbọ́ ọ tán.'"